Báwo Ló Ṣe Ń Mí? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Dọ́fíìnì, Àkurákudà àti Ẹran Inú Òkun

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn ẹja inú Odò Ọnà nínú abala yìí ni àwọn ọmọdé, àwọn òbí wọn àti àwọn olùkọ́ ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ odò, tí wọ́n ti bọ́ sínú òkun. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ìbàdàn kì í ṣe ìlú etíkun. Ọmọ tó wà ní Ọjọ́ọ̀ tàbí Mọ́níyà lè dàgbà láìfojú kan ìgbì òkun rí, nítorí pé ìrìn náà ju kìlómítà 100 lọ. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí ṣáwá, kòtè, títùs àti pánlá kì í sí lórí àtẹ ní Bódìjà, òkun sì ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú àwọn lẹ́tà náà ni pé ìbéèrè tí ọmọdé sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ẹran omi ni pé, “Ṣé ó ń buni jẹ?” Ó wù mí kí a kọ́ wọn láti máa béèrè òmíràn ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ni pé, “Báwo ló ṣe ń mí?” Ọmọ tó bá rí ìdáhùn sí èyí ti rí ojú ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú ìyókù ìtàn ẹran náà. Mẹ́fà ni mo yàn nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé ẹja ni dọ́fíìnì nítorí pé inú omi ló ń gbé, ó sì ní lẹbẹ. Ṣùgbọ́n ìwé alàwòrán tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi ní Dùgbẹ̀ sọ pé kì í ṣe ẹja. Èwo ni kí n kọ bí wọ́n bá bi wá nínú ìdánwò? (Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìwé rẹ ló tọ̀nà. Dọ́fíìnì kì í ṣe ẹja; ẹranko afọmúbọ́mọ ni, gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́, ajá àti àwa ènìyàn ti jẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe torí èyí fojú kéré olùkọ́ rẹ. Ojú lásán kò lè ya dọ́fíìnì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja ńlá, Carl Linnaeus pàápàá, ará Sweden tó to orúkọ àwọn ohun abẹ̀mí lẹ́sẹẹsẹ, àárín àwọn ẹja ló kọ́kọ́ kó dọ́fíìnì àti àbùùbùtán sí, kò sì yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1758. Mú ìwé náà lọ fún olùkọ́ rẹ, kí o fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ jọ wo ojú ewé náà.

Nígbà tí ìyá rẹ bá tún ra epìyà tútù, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Fi ìka ṣí ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, wàá rí àwọn awẹ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò léra wọn bí ehín òòyà. Ibẹ̀ ni ẹja fi ń mí. Omi ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó ń gba àárín awẹ́ wọ̀nyí jáde, ẹ̀jẹ̀ inú wọn a sì gba ọ́síjìn tó wà nínú omi náà. Dọ́fíìnì kò ní irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ̀dọ̀fóró ló ní bíi tìrẹ, ihò imú rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní àtàrí rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí tó máa ń pa dé nígbà tó bá rì sínú omi. Dandan ni kí ó máa gòkè wá mí. Bí ohun kan bá dì í mú nísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àìrí èémí mí ni yóò pa á nínú omi tí wọ́n bí i sí.

O lè sọ fún mi pé o ti rí ẹja àrọ̀ nínú báàfù àwọn tó ń tà á, tó ń yọ ẹnu sókè, tó sì ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Òótọ́ lo rí, inú mi yóò sì dùn bí o bá ti ṣàkíyèsí rẹ̀ fúnra rẹ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn lókè àwọn awẹ́ ìmí rẹ̀, èyí tó fi lè lo afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí sì nìyí tó fi ń pẹ́ kó tó kú nínú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n awẹ́ ìmí wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ẹyin ló ń yé, kò sì ní ọmú. Dọ́fíìnì ní tirẹ̀ a máa lóyún fún bí oṣù méjìlá, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, ìrù ọmọ náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọmọ náà a gòkè lọ mí èémí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọmú ìyá rẹ̀ lọ, tí yóò sì máa mu ún fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tún wo ìrù wọn. Ìrù ẹja dúró lóòró, ọ̀tún àti òsì ló sì ń jù ú sí. Ìrù dọ́fíìnì tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń jù ú sí. Bí o bá wo ajá tó ń sáré tete, wàá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ a máa tẹ̀, a sì máa nà, sókè sódò. Irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni dọ́fíìnì gbé wọ inú omi. Àwọn baba ńlá dọ́fíìnì àti àbùùbùtán jẹ́ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń rìn lórí ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 50 sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ sì ti hú egungun díẹ̀ nínú wọn jáde láti inú òkúta ní ilẹ̀ Pakistan. Nínú gbogbo ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ṣẹ́kù láyé lónìí, erinmi ni ìbátan wọn tó súnmọ́ wọn jù. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ ní erin inú omi, títóbi rẹ̀ ni wọ́n wò. Bí ó bá ṣe pé ẹbí la fẹ́ fi pè é, ọ̀dọ̀ àbùùbùtán ni à bá mú orúkọ rẹ̀ lọ.

Nínú ìdánwò rẹ, kọ ọ́ pé ẹranko afọmúbọ́mọ ni, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí i: ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àtìlẹ́yìn àwọn ọmọ wa. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méje, rí àwòrán àkurákudà kan tó la ẹnu gbàgà nínú ìwé kan. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ bá wa lọ sí etíkun ní Èkó mọ́, ó sì máa ń jí sunkún lóru. Ṣé òótọ́ ni pé ẹja yìí ń dọdẹ ènìyàn? Ṣé kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá. Àwòrán inú ìwé tí a bá gbé pamọ́ a máa tóbi sí i lọ́kàn ọmọ ni. Ẹ jókòó tì í ní ojúmọmọ, kí ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ sì bi í bí ẹja náà ṣe ń mí. Àkurákudà, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ṣáàkì, ẹja ni ní tòótọ́. Kò ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bíi ti epìyà. Ojú ìmí márùn-ún ló sábà máa ń wà lọ́tùn-ún àti lósì, lóòró lóòró, bí ẹni pé olóòlà fi abẹ kọ ilà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ìka ka ilà wọ̀nyí. Ojú tó ń ka ilà yóò fi ehín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rù náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún un pé oríṣi àkurákudà tó wà láyé ju 500 lọ, àti pé àwọn tí a ti gbọ́ pé wọ́n bu ènìyàn jẹ rí kò pọ̀ nínú wọn. Èyí tó kéré jù kò gùn tó rúlà tó wà nínú àpò ìwé rẹ̀. Èyí tó tóbi jù, tó tún jẹ́ ẹja tó tóbi jù lọ láyé, a máa gùn tó mítà 12, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ohun tíntìntín tó ń léfòó lójú omi, bí ẹyin ẹja àti edé wẹ́wẹ́, ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń la ẹnu gba omi, ó ń tú omi jáde, oúnjẹ a sì ṣẹ́kù sí i lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Bí ọmọ yín bá ti rí yín nídìí asẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yìí yóò yé e ju bí ó ti yé ọmọ ìlú òkèèrè lọ.

Èmi kò ní sọ fún yín pé kò sí èyí tó ń buni jẹ, nítorí pé irọ́ ni, ọmọdé a sì máa rántí ẹni tó parọ́ fún un. Àkurákudà funfun ńlá wà lára àwọn tó ti pa ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iye rẹ̀. Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbunijẹ àkurákudà fún gbogbo àgbáyé. Ní ọdún 2023, ìgbà 69 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkurákudà bu ẹni tí kò tọ́ ọ jẹ, ènìyàn 10 ló sì bá a lọ, nínú gbogbo omi òkun tó wà láyé. Ní ọwọ́ kejì, ìwádìí tí Boris Worm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 100 mílíọ̀nù àkurákudà ni àwọn apẹja ń pa lọ́dún kan, púpọ̀ nínú wọn nítorí lẹbẹ wọn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ olówó ńlá ní àwọn ilẹ̀ Éṣíà. Bí àkurákudà bá lè ka ìwé alàwòrán, àwa ènìyàn ni ọmọ rẹ̀ ìbá máa bá sùn lójú àlá.

Ohun tó ń dun èmi nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ni pé ehín nìkan ni wọ́n máa ń yà. Ara ẹja yìí kún fún ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀. Kò ní egungun líle kankan. Egungun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí àti ṣóńṣó imú wa, ni gbogbo egungun ara rẹ̀. Ehín rẹ̀ a máa yọ ní ìlà lẹ́yìn ìlà, bí èyí tó wà níwájú bá ti já, èyí tó wà lẹ́yìn a bọ́ sípò rẹ̀, títí tí yóò fi kú. (Ọmọ ọdún méje tí ehín rẹ̀ ń já lọ́wọ́ yóò fẹ́ gbọ́ èyí ju ohunkóhun lọ.) Ó ní àwọn ihò wínníwínní níwájú imú, èyí tó fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó wà nínú ara ẹja mìíràn tó sá pamọ́ sábẹ́ yanrìn. Ìran wọn sì ti wà láyé ju mílíọ̀nù ọdún 400 lọ, ṣáájú kí dáínósọ̀ kankan tó rìn lórí ilẹ̀. Oríṣi kan wà nínú òkun yìnyín ní ìhà Greenland tó máa ń pẹ́ láyé ju gbogbo ẹran elégungun ẹ̀yìn tí a mọ̀ lọ. Nínú àwọn tí Julius Nielsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún 2016, ọjọ́ orí èyí tó dàgbà jù kò lè dín ní ọdún 272. Nígbà tí àwọn jagunjagun pàgọ́ sí Ìbàdàn ní ọdún 1829, ẹja náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ní ti etíkun Èkó, ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yín kì í ṣe asán pátápátá, ohun tó ń bẹ̀rù ni kò tọ́. Ìgbì tó ń gbé ènìyàn ṣubú àti ìṣàn omi tó ń fa ẹsẹ̀ lọ sí àárín òkun ni ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti jìnnà sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kó má sì wọ omi láìsí àgbàlagbà tó dì í lọ́wọ́ mú.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí omi òkun fi níyọ̀ tí omi odò kò sì níyọ̀? (Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá, Ọjà’ba)

ÌDÁHÙN: Odò náà ní iyọ̀, ó kàn kéré débi pé ahọ́n rẹ kò lè mọ̀ ọ́n ni. Òjò ń fọ iyọ̀ kúrò lára òkúta àti ilẹ̀, odò ń gbé e lọ sínú òkun, oòrùn a sì máa fa omi òkun lọ sókè, ṣùgbọ́n kì í fa iyọ̀ mọ́ ọn. Nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun pàápàá, omi gbígbóná ń rú jáde pẹ̀lú iyọ̀ inú òkúta. O ti rí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná rí: omi rẹ̀ gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ sì le sí i. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Lónìí, nínú lítà kan omi òkun, iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35 ló wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà. Mo kà á pé dọ́fíìnì kò lè sùn bíi tiwa nítorí pé yóò gbàgbé láti mí. Báwo ló ṣe ń sùn nígbà náà? Ẹ̀gbọ́n mi tún sọ pé etí ló fi ń ríran, mo sì rò pé ó ń tàn mí ni. (Akẹ́kọ̀ọ́ JSS 2, Mọ̀kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Ibi tí ọ̀rọ̀ èémí gbé wa dé rèé. Ìwọ lè sùn fọnfọn kí èémí rẹ máa lọ fúnra rẹ̀. Dọ́fíìnì gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ mí, òun ló sì ń pinnu ìgbà tí yóò ṣí ihò imú rẹ̀. Nítorí náà, ìdajì ọpọlọ rẹ̀ ló ń sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì kejì a máa ṣọ́ ewu, a sì máa rántí pé ó tó àkókò láti gòkè lọ mí. Ojú kan a pa dé, ojú kejì a là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ méjì tó ń ṣọ́ àdúgbò kan náà lóru.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tàn ọ́. Ojú dọ́fíìnì ríran dáadáa, ṣùgbọ́n omi a máa dú, a sì máa rú, ohùn ló sì ń lò níbi tí ojú kò bá tó. Ó ń ta ohùn pàpàpà jáde láti inú ọ̀nà imú rẹ̀ lábẹ́ àtàrí. Ọ̀rá tó wà níwájú orí rẹ̀, èyí tó mú kí iwájú orí náà yọ gọngọ, a kó ohùn náà jọ, a sì darí rẹ̀ síwájú. Bí ohùn náà bá kan ẹja tàbí òkúta, a ta padà, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a gbà á, a sì gbé e dé inú etí. Láti ara ohùn tó padà yìí ni ó ti ń mọ bí nǹkan náà ti jìnnà tó, bí ó ti tóbi tó, àti ibi tó dojú kọ. Omi sì bá a mu fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé nǹkan bíi mítà 1,500 ni ohùn ń rìn nínú omi òkun ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́rin ìrìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ ohùn wọn ni ti orúkọ. Nígbà tí dọ́fíìnì kan bá ṣì kéré, a máa dá súfèé tirẹ̀ sílẹ̀, súfèé tí kò jọ ti ẹlòmíràn, yóò sì máa fi kéde ara rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ní ọdún 2013, Stephanie King àti Vincent Janik ti Yunifásítì St Andrews ní Scotland sọ àbájáde ìwádìí wọn: wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ẹ̀dà súfèé wọ̀nyí sínú òkun, wọ́n sì rí i pé bí dọ́fíìnì bá gbọ́ súfèé tirẹ̀, a máa dáhùn, bí ó bá sì jẹ́ ti àjèjì, kì í sábà dáhùn. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá. Nígbà tí àyàn bá dojú dùndún kọ ẹnì kan lóde ìnáwó, kò la ẹnu, kò pe kọ́ńsónáǹtì kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà yóò ti yí orí padà, nítorí pé ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn nìkan ti tó láti gbé orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀. Orúkọ dọ́fíìnì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìró ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ ni, láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí ẹ̀yin olóòtú. Nígbà èwe mi, mo ṣiṣẹ́ ní èbúté ní Èkó, mo sì fi ojú mi rí àwọn ẹran kan tí wọ́n ń fò sókè lójú omi, tí ẹ̀yìn wọn ń dán, tí èémí wọn sì ń tú bí ẹni fọn omi. Nígbà tí mo rí àwòrán inú ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo mọ̀ pé àwọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ẹran ilẹ̀ òyìnbó ni. Ta ló jàre? (Bàbá àgbà kan, Bẹẹrẹ)

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ pè wọ́n jókòó, kí wọ́n ka èyí sókè fún yín. Ẹ̀yin lẹ jàre. Dọ́fíìnì wà nínú òkun tiwa. Èyí tí ẹ rí tó ń fò sókè yẹn lè jẹ́ oríṣi tí ẹnu rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí ọrùn ìgò, èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkun àgbáyé, tó sì wà ní etí òkun Nàìjíríà náà.

Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀, nítorí pé kò sí níbikíbi láyé àyàfi ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà títí dé Àǹgólà, Nàìjíríà sì wà lára ibẹ̀. Ó ní iké lẹ́yìn, orí iké náà sì ni lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gúnlẹ̀ sí. Sousa teuszii ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 1892 ni Willy Kükenthal, onímọ̀ ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ara agbárí kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Kamẹrúùnù. Wọ́n sọ fún un pé ewé àti koríko ni wọ́n bá nínú ikùn ẹran náà, òun náà sì kọ ọ́ pé dọ́fíìnì tó ń jẹ koríko ti dé. Àṣìṣe ni, ẹja ni dọ́fíìnì oníké ń jẹ, ó sì ṣeé ṣe kí koríko náà ti inú ikùn ẹran omi mìíràn wá. Ẹ kò rí i, Bàbá, pé ẹni tó jókòó ti ìwé lókèèrè a máa ṣìṣe, nígbà tí apẹja tó wà létí omi ti mọ ohun tí ẹran náà ń jẹ.

Oríṣi yìí kì í lọ sí àárín agbami. Etí omi tí kò jìn ló fẹ́ràn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn apẹja ń na àwọ̀n sí. Apẹja Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn tó na àwọ̀n rẹ̀ lálẹ́, ẹja tí yóò fi bọ́ ilé rẹ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n àwọ̀n kò mọ ohun tó ń mú. Bí dọ́fíìnì bá kó sínú rẹ̀ tí kò lè gòkè lọ mí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn ní gbogbo etí òkun náà kò tó 3,000 gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fojú díwọ̀n rẹ̀, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, sì ti kà wọ́n mọ́ àwọn ẹran tí ewu àtiparẹ́ wọn le jù lọ láti ọdún 2017. Ó dùn mí pé ọmọ Ìbàdàn lè yà àwòrán àkurákudà funfun ti òkun Ọsirélíà láìwo ìwé, tí kò sì gbọ́ orúkọ dọ́fíìnì oníké tó jẹ́ ti ẹkùn tiwa rí. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ rí ní èbúté fún wọn, títí kan bí èémí náà ti ń dún.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ilé-ìwé wa kò ní fídíò, kò sí òkun nítòsí, ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ 40 ń wò. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn nípa ẹran inú òkun kí ó yé wọn? (Olùkọ́ kan, Ọjọ́ọ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Ọjà àti pápá ilé-ìwé yín ti tó ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra kòtè kan àti edé díẹ̀ wá sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ ṣí ìdérí orí kòtè náà, kí wọ́n wo awẹ́ ìmí rẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ pa ìpẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, kò sí dọ́fíìnì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n wo bí àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ ti ń mí, kí wọ́n fi wé ti ẹja tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ẹ tún kó wọn lọ wo gọ́tà lẹ́yìn òjò. Ọ̀rá omi mímu tí ọmọ kan jù sílẹ̀ ní ìdí gọ́tà a máa bá ọ̀gbàrá lọ sínú odò bí Ògùnpa, odò a sì máa ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí ọ̀sà àti òkun wà. Ìjàpá inú òkun a máa jẹ ẹran omi kan tó rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀, tí a lè rí òdìkejì láti ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá ń léfòó nínú omi, ó jọ ọ́ gan-an, wọ́n sì ti bá ọ̀rá nínú ikùn ìjàpá òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ọ̀rá kan láti Ọjọ́ọ̀ títí dé òkun lọ́kàn rẹ̀ kò ní sọ mọ́ pé òkun jìnnà sí òun.

Ní ti bí wọ́n ti tóbi tó, okùn ni kí ẹ lò, torí pé nọ́ńbà lásán kì í wọ ọmọdé létí. Ẹ wọn okùn kan ní mítà 30, kí ẹ nà án sílẹ̀ lórí pápá. Àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, tó tóbi ju gbogbo ẹran tó tíì wà láyé lọ, lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ so kókó sí mítà 12 fún àkurákudà tó ń sẹ́ oúnjẹ bí ògì, kí ẹ so òmíràn sí mítà 5 fún àkurákudà funfun, àti òmíràn sí mítà 3 fún dọ́fíìnì ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Kókó tó kẹ́yìn ni ti ọmọ dọ́fíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, mítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ tó kúrú jù ní kíláàsì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì yà á lẹ́nu láti rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun ga jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn jókòó sórí koríko, kí wọ́n pa èémí mọ́ fún ìwọ̀n tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ẹ̀yin sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá sókè. Kí ẹni kẹ́yìn nínú wọn tó mí, ẹ kò ní tíì kà jìnnà, dọ́fíìnì yóò sì wà nísàlẹ̀ omi síbẹ̀.